Ìbọn Tí Ń Ki Ara Rẹ̀

Ní ọdọọdún, nígbà tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú ní ìhà àríwá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó a máa dìde kúrò lórí àwọn adágún Kánádà, wọn a sì forí lé ìhà gúúsù, níbi tí omi kì í ti í di yìnyín. Àwọn ọdẹ a sì máa dè wọ́n lọ́nà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọn yóò ti wọ inú àbàtà, tí wọn yóò fi koríko bo ara wọn mọ́lẹ̀, tí wọn yóò sì da àwọn ère pẹ́pẹ́yẹ tí a fi igi tàbí ike ṣe sójú omi, kí àwọn tòótọ́ tí ń fò lókè lè rò pé ẹgbẹ́ wọn ni ó ti balẹ̀ síbẹ̀. Ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú àwọn ọdẹ wọ̀nyí kì í ṣe ṣakabùlà tí a ń ki ẹtù sí lẹ́nu, kì í sì í ṣe ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí a ń ṣẹ́ ní àárín kí a tó fi ọta sí i. Ìbọn tí ń ki ara rẹ̀ ni. Bí ọdẹ bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ìbọn náà fúnra rẹ̀ ni yóò tu èèpo ọta tí ó ti jó dànù, òun náà ni yóò sì fa ọta mìíràn wọ ojú ihò. Kò sí ohun tí ó kù fún ọdẹ ju pé kí ó tún fi ìka fa irin ìyìnbọn lọ.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ìbọn tí a ṣe láti gba ọta márùn-ún kò gbọdọ̀ gbà ju mẹ́ta lọ nígbà tí a bá fẹ́ fi pa pẹ́pẹ́yẹ. Òfin ni ó wí bẹ́ẹ̀, igi kékeré kan sì ni ó ń mú òfin náà ṣẹ. Inú ọ̀pá tí ọta ń sùn sí ni a ń ki igi náà bọ̀, kí àyè má baà sí fún ọta tí ó kù. Nínú gbogbo ohun tí a tò pọ̀ di ìbọn yìí, kò sí èyí tí owó rẹ̀ kéré tó ti igi náà. Síbẹ̀ kò sí èyí tí ìtàn rẹ̀ wúlò fún ará Nàìjíríà tó o. Ní orílẹ̀-èdè yìí, ọ̀rọ̀ ìbọn àti ẹni tí ó yẹ kí ó ní in kì í jìnnà sí ẹnu àwọn ènìyàn. Àwọn kan ń bèèrè pé kí ìjọba jẹ́ kí aráàlú ní ìbọn tí ó lágbára ju ti ìṣáájú lọ. Kí a tó dá wọn lóhùn, ó dára kí a wo ohun tí ojú àwọn tí ó ti ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ti rí.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe ìbọn ọdẹ tí ń ki ara rẹ̀ ní àṣeyọrí ni John Moses Browning. Ìlú Ogden ní ìpínlẹ̀ Utah ni a bí i sí ní ọdún 1855. Alágbẹ̀dẹ ìbọn ni baba rẹ̀, nídìí ẹwìrì ni ọmọ náà sì gbé dàgbà. Ní ọdún 1900 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìbọn náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Browning ti ń ta àwọn ohun tí ó bá hùmọ̀ fún ilé-iṣẹ́ Winchester, owó ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń san fún un. Ní ti èyí, ó ní kí wọ́n máa san iye kan fún òun lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà. Winchester kọ̀. Ó gbé ìbọn rẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ Remington. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń dúró láti rí Marcellus Hartley, ọ̀gá àgbà ibẹ̀, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1902, ìròyìn kàn án pé ọ̀gá náà kú lójijì. Browning bá wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù, ó sì bá ilé-iṣẹ́ Fabrique Nationale ṣe àdéhùn. Ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìbọn tí ayé wá mọ̀ sí Auto-5, nítorí ọta márùn-ún tí ó ń gbà: mẹ́rin nínú ọ̀pá ọta, ọ̀kan nínú ihò. Remington náà padà gba àṣẹ láti ṣe é, tiwọn sì jáde ní ọdún 1905. Bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni a fi ṣe Auto-5, ní Bẹ́ljíọ̀mù ní ìbẹ̀rẹ̀, àti ní Japan ní ìgbẹ̀yìn.

Kò sí oògùn nínú iṣẹ́ ìbọn yìí. Nígbà tí a bá yin ìbọn, ẹtù a ti ọta síwájú, a sì ti ìbọn sẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti yin ìbọn rí mọ bí ìdí rẹ̀ ti ń gbá èjìká. Agbára tí ń gbá èjìká yìí, tí ó ti ń ṣòfò láti ayébáyé, ni Browning fi ṣe òṣìṣẹ́. Nínú Auto-5, ọ̀pá ìbọn àti irin tí ó dí ìdí rẹ̀ a di ara wọn mú, àwọn méjèèjì a sì jùmọ̀ sáré padà sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá dé òpin ìrìn wọn, ọ̀pá ìbọn ni ó ń kọ́kọ́ padà síwájú, èèpo ọta a sì fò jáde. Lẹ́yìn náà ni irin ìdí a tẹ̀lé e, a sì ti ọta tuntun wọ inú ihò. Sípíríìngì ni ó ń dá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn padà sí ipò rẹ̀. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ti parí.

Ṣùgbọ́n agbára ọta kò dọ́gba. Èyí tí a fi ń pa àparò fúyẹ́, èyí tí a fi ń pa pẹ́pẹ́yẹ ní òkè réré a sì máa le. Nítorí náà ni a ṣe fi òrùka irin kan àti ìdè kan tí a fi idẹ ṣe sínú ìbọn náà, tí wọ́n ń há mọ́ ọ̀pá ọta gẹ́gẹ́ bí bíréèkì ti ń há mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí ọdẹ bá fẹ́ lo ọta líle, yóò fi òrùka irin náà sí àárín sípíríìngì àti ìdè idẹ, kí ìdè náà lè há pinpin, kí ó sì dín eré ọ̀pá ìbọn kù. Bí ó bá jẹ́ ọta fífúyẹ́, yóò gbé òrùka náà kúrò níbẹ̀ lọ sí ìdí sípíríìngì, kí ọ̀pá ìbọn lè ráyè sáré. Ẹni tí ó bá tò ó ní òdì kò ní í ṣàìrí àbájáde rẹ̀. Ọta fífúyẹ́ kò ní í lè tu èèpo ara rẹ̀ dànù. Ọta líle yóò máa na ìbọn náà lẹ́gba títí igi iwájú rẹ̀ yóò fi là, èjìká olówó rẹ̀ yóò sì jẹ nínú ìyà náà.

Ewu tí ó ju èyí lọ ń bẹ nínú ìwọ̀n. Nọ́ńbà tí a ń pè mọ́ ìbọn ọdẹ ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Bí a bá rọ òjé ní róbótó kí ó bá ihò ìbọn nọ́ńbà 12 mu, 12 irú rẹ̀ ni yóò wọn ìwọ̀n pọ́n-ùn kan. Nítorí náà, bí nọ́ńbà ti ń pọ̀ sí i ni ihò ń kéré sí i: 16 kéré sí 12, 20 sì kéré sí 16. Bí ènìyàn bá ṣèèṣì fi ọta nọ́ńbà 20 sínú ìbọn nọ́ńbà 12, yóò yọ́ lọ sínú ọ̀pá, yóò sì há síbẹ̀. Bí onítọ̀hún bá wá rò pé ìbọn òun ṣófo, tí ó fi ọta nọ́ńbà 12 tẹ̀lé e, tí ó sì yìn ín, ọ̀pá ìbọn náà lè fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń fún ọta nọ́ńbà 20 ní àwọ̀ ìyeyè, kí ojú lè tètè dá a mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ògbólógbòó Auto-5 nọ́ńbà 16 kan wà tí a ṣe fún ọta tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 65, tí kò sì yẹ kí ènìyàn fi ọta òde òní, tí ó jẹ́ mìlímítà 70, sí i. Ẹni tí ó bá jogún irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ baba rẹ̀, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọlọ́ta.

Àìmọ̀kan kò sì mọ sọ́dọ̀ olówó ìbọn nìkan. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe é. Nígbà tí Winchester ti kọ ìbọn Browning, tí wọ́n sì tún fẹ́ ní irú rẹ̀ láìtẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú, wọ́n ṣe èyí tí ó jáde ní ọdún 1911. Kò ní irin tí a fi ń fa ìdí rẹ̀ sẹ́yìn bí ti Browning. Ọ̀pá ìbọn gan-an ni olówó rẹ̀ gbọdọ̀ dì mú, kí ó sì tì í sẹ́yìn. Páálí ni a fi ń ṣe èèpo ọta nígbà náà. Bí ó bá mu omi, a wú, a sì há. Àwọn kan a wá fi ìdí ìbọn náà gúnlẹ̀, wọn a di ọ̀pá rẹ̀ mú ní ẹnu, wọn a sì máa tì í wálẹ̀ pẹ̀lú agbára, ojú wọn a sì wà lókè ẹnu ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀. Ó yìn mọ́ àwọn mìíràn lójú. Orúkọ tí àwọn ọdẹ sọ ìbọn náà ni asọni-di-opó.

Ẹ̀kọ́ kan wà níhìn-ín tí ó yẹ kí gbogbo ọdẹ gbọ́. Ṣakabùlà tí a ti yìn ti di igi lásán, títí ẹnìkan yóò fi tún ki ẹtù sí i. Ìbọn tí ń ki ara rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá ti dún tán gan-an ni ó tún wà ní ìmúrasílẹ̀ láti dún, yálà ọdẹ rántí tàbí kò rántí. Ẹni tí ó bá fi ìwà ṣakabùlà lo ìbọn yìí, tí ó gbé e kọ́ èjìká nítorí pé ó ti yìn ín, ẹni náà gbé ikú kọ́ èjìká.

Bí ìbọn náà ti ń tàn kálẹ̀ ni àwọn ẹyẹ ń dínkù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdínkù náà ti wà kí ìbọn náà tó dé. Àwọn ọdẹ ọlọ́jà ti ń fi àgbá kún àgbá ta ẹran ẹyẹ fún àwọn ìlú ńlá. Ẹyẹlé aṣíkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí agbo rẹ̀ a máa ṣíji bo oòrùn nígbà kan rí, tán pátápátá. Èyí tí ó kẹ́yìn kú nínú ọgbà ẹranko ìlú Cincinnati ní ọjọ́ 1, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1914. William Hornaday, ẹni tí ó jẹ́ alákòóso ọgbà ẹranko ní New York, kéde nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1913 pé ìbọn tí ń ki ara rẹ̀ kò yẹ ní ọwọ́ ọdẹ kankan. Ìpínlẹ̀ Pennsylvania tilẹ̀ ti fòfin de ọdẹ síṣe pẹ̀lú rẹ̀ láti ọdún 1907. Ní ọdún 1918, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó gba àwọn ẹyẹ aṣíkiri sábẹ́ ààbò, ní ìbámu pẹ̀lú àdéhùn tí ó ti bá ìjọba Bìrìtìkó ṣe ní orúkọ Kánádà ní ọdún 1916. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ ti tẹ àwọn tí ń pa ẹyẹ aṣíkiri tà lọ́jà.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀dá ńlá dé. Láàárín ọdún 1930 sí 1936, àwọn adágún àti àbàtà tí pẹ́pẹ́yẹ ń pamọ sí gbẹ, iye àwọn ẹyẹ náà sì já wálẹ̀ gidigidi. Ní ọdún 1934, Ààrẹ Franklin Roosevelt fi ọ̀ràn náà lé ọwọ́ ẹni tí ọ̀pọ̀ kò retí: Jay Darling, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn láti ìpínlẹ̀ Iowa, tí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń fi kálámù ṣe àríwísí sí Ààrẹ náà. Ọdún náà gan-an ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ta sítáǹbù fún àwọn ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ ní dọ́là kan, kí a lè fi owó rẹ̀ ra àbàtà fún àwọn ẹyẹ. Darling ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán ti àkọ́kọ́. Ní ọdún 1935 ni òfin titun sì jáde: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ so pẹ́pẹ́yẹ ààyè mọ́lẹ̀ láti fi tan èyí tí ń fò mọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da ọkà sílẹ̀ fún wọn ní ibi tí yóò ti yìnbọn, ìbọn tí ń ki ara rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gbà ju ọta mẹ́ta lọ.

Òfin náà fi ọgbọ́n ṣe é. Kò gba ìbọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó wí ni pé ohun tí ó dí àyè ọta gbọdọ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, kò sì gbọdọ̀ ṣeé yọ láìtú ìbọn palẹ̀. Ọdẹ fúnra rẹ̀ ni yóò tú ìbọn rẹ̀, ni yóò gé igi tí ó bá a mu, ni yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki í bọ inú ọ̀pá ọta. Ìjánu ni igi náà, ẹni tí ó ni ẹṣin ni ó sì fi í sí i lẹ́nu. Ẹ̀ṣọ́ ẹranko lè bá a nínú àbàtà nígbàkígbà, kí ó gba ìbọn náà, kí ó sì fi ọta dán an wò bóyá yóò gbà ju mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò lè wà nínú gbogbo àbàtà. Ní òwúrọ̀ púpọ̀, kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ọdẹ náà bí kò ṣe ẹ̀rí ọkàn rẹ̀.

Ó pé bí aádọ́rùn-ún ọdún tí òfin yìí ti wà, kò sì tíì di ohun àtijọ́. Nígbà tí a fi yí i padà fún irú ẹyẹ kan, ìdí pàtàkì ni ó fà á. Ẹyẹ funfun ńlá kan, tí ó jẹ́ ìbátan pẹ́pẹ́yẹ, pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń jẹ koríko ilẹ̀ tútù òkè àríwá run, tí ó sì ń sọ ibẹ̀ di aṣálẹ̀. Ní ọdún 1999, ìjọba gbà kí àwọn ọdẹ yọ igi náà ní àkókò tí a yà sọ́tọ̀ fún irú ẹyẹ yẹn nìkan. Láti ọdún 1991, ìjọba tún kọ ọta òjé fún pípa ẹyẹ omi jákèjádò ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí pé pẹ́pẹ́yẹ a máa gbé ọta tí ó rì sínú ẹrẹ̀ mì bí òkúta wẹ́wẹ́, májèlé inú rẹ̀ a sì pa á. Ọta irin ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Nítorí pé irin le ju òjé lọ, àwọn olùṣe Auto-5 kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe yin ín láti inú àwọn ọ̀pá àtijọ́ tí a ṣe ní Bẹ́ljíọ̀mù. Kí olúwarẹ̀ ra ọ̀pá titun tí ó bá a mu. Owó ni èyí ń ná ọdẹ. Láti ọdún 1937 sì ni a ti ń gba owó orí lórí ìbọn ọdẹ àti ọta, tí a sì ń ná an lórí ìtọ́jú ẹranko igbó. Ẹni tí ń pa ẹyẹ ni ó ń san owó kí ẹyẹ má baà tán.

Kí wá ni èyí kan Nàìjíríà? Òfin ìbọn ti ọdún 1959, tí a ṣe ní ọdún kan ṣáájú òmìnira, tí ó sì wà títí di ìsinsìnyí, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kan ni àwọn tí a kà léèwọ̀. Ọ̀nà kejì ni ìbọn ti ara ẹni, tí aráàlú lè tọrọ ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ọ̀nà kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a ń ki láti ẹnu. Ìbọn ọdẹ wà lára ti ara ẹni, ṣùgbọ́n òfin náà yọ ìbọn ọdẹ tí ń ki ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀ ní gbangba. Nítorí náà, ọdẹ tí ó bá ní ìwé àṣẹ lè mú ìbọn ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì lọ sí oko. Ìwé yẹn kò fún un láṣẹ láti ní Auto-5. Ohun tí Amẹ́ríkà fi igi dá dúró, Nàìjíríà fi ìwé òfin dá dúró.

Àwọn kan lè wí pé òfin náà ti gbó, àti pé ọdẹ tí ó bá ń ṣọ́ abúlé rẹ̀ lóru yẹ fún ju ọta méjì lọ. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí a lè fi ẹ̀rín gbá dànù, nítorí ẹni tí iná ń jó ni ó mọ bí iná ti gbóná tó. Ṣùgbọ́n ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé agbára ìbọn kì í dá wá. Ó gbọdọ̀ bá alágbẹ̀dẹ tí ó mọ iṣẹ́ wá, àti ọta tí ó bá ihò mu, àti ẹ̀ṣọ́ tí kì í gba rìbá, àti ọdẹ tí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín agbára ara rẹ̀ kù. Bí àwọn wọ̀nyí kò bá sí, ìbọn tí a rà fún ààbò abúlé lè di ìbọn tí ń sọ abúlé di opó.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ẹyẹ tí ọ̀ràn náà kàn wà nílé níhìn-ín. Ní àbàtà Hadejia àti Nguru, ní ìpínlẹ̀ Jigawa àti Yobe, irú pẹ́pẹ́yẹ kékeré kan tí ń pamọ ní Yúróòpù àti Ásíà a máa wá sinmi ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Láti ọdún 2000 ni adágún Nguru ti wà nínú ìwé àwọn àbàtà tí gbogbo ayé kà sí pàtàkì. Ẹyẹ tí ó sùn ní Nguru lónìí lè pamọ ní Rọ́ṣíà kí ọdún tó yípo. Kò sí orílẹ̀-èdè kan tí ó lè wí pé tòun nìkan ni, kò sì sí ọdẹ kan tí ó lè wí pé ohun tí òun pa kò kan ẹlòmíràn.

Láti Ṣakí títí dé Yola, àwọn baba ńlá àwọn ọdẹ ilẹ̀ yìí mọ ìgbà tí a kì í wọ igbó kan, wọ́n sì mọ ẹran tí a kì í pa nígbà tí ó bá lóyún. Ọta kan ṣoṣo ni ó wà nínú ìbọn wọn, nítorí náà wọ́n ní láti ronú kí wọ́n tó yìn ín. Ìbọn titun mú ìdádúró yẹn kúrò. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà rí, lẹ́yìn tí ẹyẹlé wọn ti tán, ni pé ẹ̀dá ènìyàn ni ó gbọdọ̀ dá a padà, pẹ̀lú igi kékeré kan àti òfin tí ó ní ẹni tí ń mú un ṣẹ. Kí orílẹ̀-èdè yìí tó ṣílẹ̀kùn fún ìbọn tí ń ki ara rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ wá igi tí yóò fi sínú rẹ̀, àti ọwọ́ tí yóò fi í síbẹ̀ láìsí ẹni tí ń wò ó.